Ìmọ́lẹ̀ Eléyín Ayùn Tó Wọ Ojú Mi

Ilé wa, Ọ̀fà.
Ọjọ́ Ajé.

Dúpẹ́olúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé o. Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, ṣé oyún inú rẹ ò dà ọ́ láàmú jù? Olúwa tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ níwájú mi níbí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òrùlé tó ń jò sì ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè wá láti ọ̀sẹ̀ méjì tí o ò gbọ́ ohùn wa. Má fòyà, kò sẹ́ni tó kú. Inú agolo gààrì ni fóònù wà, èmi ni mo fi síbẹ̀, màá sì ṣàlàyé.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń wọn pákó tí mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn fún oníbàárà mi kan ní Ìjàgbó. Mo wo téèpù, àárín nọ́ńbà ò sí níbẹ̀. Mo rí ogójì, mo rí àádọ́ta, ohun tó wà láàárín wọn ti pòórá. Mo fi itọ́ nu téèpù náà, kò padà. Kí n tó gbójú sókè, ìmọ́lẹ̀ kan ti yọ lápá òsì mi, ó rí ṣégeṣège bí eyín ayùn, ó ń dán, ó ń gbọ̀n, ó sì ń fẹ̀ sí i. Mo di ojú méjèèjì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ohun tí èèyàn bá ń rí tí ojú rẹ̀ sì wà ní dídì, inú onítọ̀hún ló wà. Àkókò yẹn gan-an ni ìyá rẹ gbé oúnjẹ dé, ìdajì ojú rẹ̀ ni mo rí. Etí kan, ojú kan, àti ìdajì ẹnu tó ń bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ náà lọ, ẹ̀fọ́rí bá dé, apá kan orí péré, bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ mi. Mo bì, mo sì dùbúlẹ̀ sórí ìdọ̀tí pákó.

Mo wá ro ó dáadáa. O mọ̀ pé ojú fóònù mi sán lọ́jọ́ tó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe sán gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe rí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà lo sì pè mí lórí fídíò, tí mo gbé e sún mọ́ ojú kí n lè rí ikùn rẹ bó ṣe ń yọ. Mo gbà pé sísán náà ló gba inú iná fóònù wọ ojú mi. Ni mo bá fi aṣọ wé e, mo rì í sínú gààrì, kí gààrì lè fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kù nínú rẹ̀ mu bó ṣe ń fa omi.

Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Ojú ìyá mi fọ́ kí wọ́n tó kú, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ojú rẹ nígbà tí a bí ọ. Mo ń rò ó pé bí èmi náà ṣe máa mọ ọmọ tó wà nínú rẹ nìyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí afọ́jú ṣe ń rìn sílẹ̀, mo máa ń di ojú, mo máa ń fọwọ́ wá ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ bá mi níbi tí mo ti dì mọ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Mo jẹ́wọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó wé gèlè, ó ní kí n dìde ká lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Àrìnpé ní kí n fún ẹ̀fọ́rí mi ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Nǹkan tó dá mi lóró tó mú mi bì, máàkì wo ni kí n fún un? Mo fún un ní ọ̀kan, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwà rẹ̀ ò dáa. Ó kọ ọ̀kan, ó ní ká lọ gba parasítámọ́ọ̀lù ká máa lọ sílé. Ìyá rẹ ò dìde lórí àga. Ó ní ọkọ òun yìí, lọ́jọ́ tí ayùn gé e lọ́wọ́, ó kan wọ́dúróòbù tó wà nílẹ̀ tán kó tó lọ di egbò, ẹ̀fọ́rí yìí ló wá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àrìnpé wò mí, ó pa ọ̀kan rẹ́, ó kọ mẹ́sàn-án, ó mú wa lọ bá dókítà.

Láńrewájú ni dókítà náà ń jẹ́. Ó fún mi ní bébà kí n ya ohun tí mo rí. Mo yọ pẹ́ńsùlù etí mi, mo yà á. Ó wò ó títí, ó ní òun náà máa ń rí i. Ó tan iná sí mi lójú, ó ní kí n fún ọwọ́ òun pọ̀, kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀. Ó ní ojú mi ò ní nǹkan kan, inú ọpọlọ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Túúlu ni, irú èyí tó máa ń rán ìmọ́lẹ̀ ṣíwájú kí ìrora tó dé. Ó ní kì í ṣe ohun tó fọ́ ìyá mi lójú. Mo ní ṣé mi ò ní fọ́jú, ó ní rárá. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì kí ìyá rẹ lè gbọ́. Ó ní kí n má febi pa ara mi, kí n máa sùn dáadáa, kí n má sì máa wo fóònù nínú òkùnkùn. Nítorí náà, bí a ṣe délé, mo yọ fóònù nínú gààrì, mo sá a sóòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ tó. Ó gbóná, ó kú. Ìyá rẹ ní ó dákú ni. Mo dá a padà sínú gààrì kó fi tutù, kò tíì jí. Habeeb awakọ̀ tó ń ná Ọ̀fà sí Àbújá ló máa mú lẹ́tà yìí wá.

Ohun tí mo fi jókòó kọ̀wé gan-an nìyí. Dókítà bi mí bóyá ẹlòmíràn nínú ẹbí wa máa ń rí irú rẹ̀, nítorí òbí lè bí i mọ́ ọmọ. Mo ní kò sí. Mo sọ ọ́ gbọin. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni a wà, à ń lọ sílé, nígbà tí mo rántí rẹ. Pírámárì mẹ́ta lo wà nígbà náà. O máa ń sọ pé àárín ọ̀rọ̀ ti kúrò lójú bọ́ọ̀dù, pé iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ, lẹ́yìn náà wàá di orí mú, wàá máa sunkún. Mo ní ìwé lo ń sá fún. Mo fi rúlà ṣọ́ọ̀bù nà ọ́, Dúpẹ́. Nígbà tó yá o ò sọ ọ́ mọ́, mo sì rò pé ó ti tán ni.

Mo padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n mú káàdì mi jáde, pé mo purọ́ sínú ìwé ìjọba. Akọ̀wé ní kò pọn dandan, mo ní ó pọn dandan fún mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Dúpẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ń rí i láti kékeré. Tí ilé ìwòsàn Ọ̀fà bá wá pè ọ́, má bẹ̀rù, kì í ṣe ẹjọ́.

Ṣé ó ṣì máa ń wá? Tó bá ń wá, jọ̀ọ́, sọ fún dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Òótọ́ lò ń sọ nígbà yẹn.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn mi àti fún fóònù tí ojú rẹ̀ ò sán. Habeeb ni kí o fún, má fi sí báńkì, iná ẹ̀rọ tó ń pọ owó yẹn mọ́lẹ̀ jù fún ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún. Bí kò bá sí, má yá owó.

Wàá bí tibi tire, ọwọ́ rẹ yóò gbé ọmọ, èmi àti ìyá rẹ yóò fi ojú wa rí i. Ọmọ náà, lọ́jọ́ tó bá ní òun rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò rí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Barnabas Ayọ̀dàmọ́lá, káfíńtà.