Ìbò Ìlú Ọba Kò Gbọdọ̀ Tú Àáró Yín Ká

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú oko, ẹ sì kú òjò tí mo gbọ́ pé kò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ láti ìjẹta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí àwọn àbúrò mi, mo sì kí Bàbá Fọlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ló ń bí yín nínú.

Ẹ má bínú pé gbangba ojú ayélujára ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́kadà Odigbo máa ń ka ohun tí mo bá kọ, wọn yóò sì ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó dé Ore.

Ìyá mi ti ròyìn ìjà náà fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin àti Bàbá Fọlá jókòó ti rédíò lẹ́yìn ìsìn, ẹ ní olórí ìjọba tuntun tó gorí oyè nílùú Ọba máa tún ayé ṣe, owó kòkó á sì gòkè padà. Bàbá Fọlá ní irọ́ ni, pé ọwọ́ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ kòkó wà, owó ibodè tí wọ́n ń bù lé ẹrù ló máa pa gbogbo wa. Ẹ ní kí ni wọ́n mọ̀ nípa ìlú Ọba, ẹni tí kò kọjá Ṣágámù rí. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ò kọjá Ṣágámù, ọmọ yín ló kọjá. Ni ẹ bá ní àáró parí. Àáró tí ẹ ti ń bá ara yín ṣe kí wọ́n tó bí mi, tí ẹ jọ máa ń ṣiṣẹ́ lóko yín lónìí, tí ẹ tún jọ máa ń lọ sí oko tiwọn lọ́la, olórí ìjọba kan tí kò mọ ọ̀nà oko ẹ̀yin méjèèjì ní Ajue ló tú u ká. Ní báyìí kòkó yín ti pọ́n, òjò ń rọ̀ lé e, ó ń dúdú lórí igi, kò sì sí ẹni tó máa bá yín ká a. Kòkó Bàbá Fọlá náà ń dúdú. Ó kéré tán, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn.

Bàbá, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, torí pé mo ti dìbò! Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà tó bá ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbí, nítorí pé àwọn ló ṣàkóso wa nígbà kan. Mo rò pé ẹ̀bùn ìtùnú ni. Ẹ ṣáà rántí bó ṣe rí nígbà tí mo wà nílé: mo gba káàdì, mo tò sínú oòrùn, nígbà tó kàn mí wọ́n ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀, pé ti bàbá mi àgbà ló wà níbẹ̀. Bàbá àgbà ti kú tipẹ́, mo sì gbọ́ pé wọ́n dìbò lọ́jọ́ náà.

Ibí tutù. Mo ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, mi ò ní tún un sọ, àfi kí n kàn sọ pé ó tutù. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni mo ṣì wà, níbi tí ìwé ẹ̀rí póli mi nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ti wúlò gidigidi: mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ẹ̀rọ kan wà níwájú mi tó ń da ṣokoléètì sórí bísíkíìtì. Nígbà tí owó kòkó fò sókè, tí ẹ̀yin àti Bàbá Fọlá pa páànù ilé yín dà, ọ̀gá wa ní kí a dín ṣokoléètì náà kù, ó ní ayé ti le. A dín in. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, mo béèrè bóyá kí a dá a padà sí bó ṣe wà. Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó bú ìyá òun. Èrò mi nípa ọrọ̀ ajé àgbáyé kò ju ìyẹn lọ: ohun tó bá ti fẹ́lẹ́ kì í tún nípọn mọ́, yálà kòkó gòkè tàbí ó wálẹ̀. Kò sì sí ẹni tó pe ẹ̀yin tàbí Bàbá Fọlá sí ìpàdé náà.

Ọkùnrin méjì ló ń to bísíkíìtì sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orílẹ̀-èdè àwọn méjèèjì ń ju bọ́ǹbù lu ara wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ tọ̀, èkejì ló máa ń di ipò rẹ̀ mú, torí pé bísíkíìtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo bi wọ́n pé ta ló jàre nínú ogun náà. Wọ́n ní kí n gbé páálí wá.

Ní ti òṣèlú ibí, ó dùn mọ́ mi ju bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n ń pààrọ̀ olórí ìjọba bí onímọ́tò ṣe ń pààrọ̀ táyà tòkunbọ̀ ní Ore: èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ti jò, èyí tí wọ́n fẹ́ dè sí i náà ti gbó. Gbogbo wọn ló gbà pé ìlú ti bàjẹ́. Inú yàrá tó móoru, tí iná kò ṣẹ́jú, tí omi gbígbóná ń dà ṣooro, ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọn ò tíì mọ ẹni tó bà á jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń nawọ́ sí àwa àjèjì. Kí n má parọ́, orí mi wú díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé a lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ du ipò káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Ó kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi: mo ní kó wọlé, mo fún un ní àga, mo gbé omi síwájú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣòro àdúgbò fún un, láti orí kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà mo wá ń retí kó ránṣẹ́ sínú mọ́tò fún ìrẹsì. Ó rí i pé mo ń retí nǹkan, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní bébà tó ní àwòrán òun àti ajá rẹ̀. Ẹ̀yìn bébà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àlejò ti pọ̀ jù nílùú. Mo wo yàrá mi yíká. Àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ni.

Màmá Jíìnì, ìyá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bàbá, màmá yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo máa ń jókòó sínú aṣọ ìbora bí òkú tí wọn ò rí sin. Wọ́n fún mi ní kóòtù ọkọ wọn tó ti ṣaláìsí. Kí n tó mọ̀ wọ́n, ohun kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín, tó máa ń han gooro bí mo bá dín dòdò. Èmi náà ń bá wọn gbé ẹrù ọjà, mo ń bá wọn da ilẹ̀ nù. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àáró ni. Wọ́n sọ fún mi lójúkojú pé ọkùnrin alájá yẹn làwọn máa dìbò fún, kó lè lé àwọn àjèjì. Wọ́n ní kí n má bínú o, kì í ṣe èmi, àwọn yòókù ni. Mo wẹ̀yìn wò bóyá àwọn yòókù ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, mo wọ kóòtù náà, díẹ̀ ló kù kí n sáré lọ síbi ìbò. Màmá Jíìnì pè mí. Ìbàdí ń ro wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó yẹ kó fi mọ́tò gbé wọn kò wá. Wọ́n ní ṣé mo lè fi àga onítáyà wọn tì wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń dìbò.

Bàbá, mo rò ó. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì di ti ayérayé, àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin yẹn sì ń sọ pé kí irú wa dúró pẹ́ sí i kí a tó rí i gbà, tàbí kí a máa lọ. Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ ń dúró dè mí, òótọ́ ni, ìbò kan á sì dín nínú tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ fún mi ní Ajue nígbà tí mo kéré ló sọ sí mi lọ́kàn. A lọ àáró lóko Bàbá Fọlá, mo ń ráhùn pé ibi tí wọ́n ní kí a kọ ebè ẹ̀gẹ́ sí kò dára. Ẹ ní ẹni tó bá wá àáró, àdá ló mú wá, kò mú ẹnu wá. Olóko ló máa júwe.

Mo tì wọ́n lọ. Kòtò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì mú wọn jó nínú àga débi pé wọ́n ṣépè fún ìjọba. Kò sí ṣọ́jà níbẹ̀, wọn ò ti ọ̀nà, àwọn ajá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí aṣojú ẹgbẹ́, wọ́n ń dúró de olówó wọn. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dìbò! Wọ́n fi okùn so ó mọ́ tábìlì. Mo wá ìrésà káàkiri, kò sí.

Nígbà tí wọ́n fún Màmá Jíìnì ní bébà ìbò wọn, a rí i pé awò ojú wọn wà nílé. Wọ́n ní kò burú, kí èmi bá wọn fa àmì náà. Obìnrin tó ń ṣètò ìbò wò wọ́n, ó wò mí, ó ní òfin gbà á, kí n ṣáà fọwọ́ síwèé pé ohun tí wọ́n bá wí ni n ó ṣe. A wọ kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Mo ka orúkọ fún wọn. Wọ́n ní alájá. Mi ò tú àṣírí wọn o, wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, àti dókítà wọn. Bàbá, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi, ojú wọn kò tó o, ìlà kan péré ló sì wà láàárín orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí mo fẹ́. Mo fa àmì síbi tí olóko júwe. Mo tiẹ̀ fà á kó dúdú dáadáa, torí ẹ ò kọ́ mi ní iṣẹ́ ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà mo di tèmi. Ìbò àkọ́kọ́ láyé mi! Inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pẹ́ńsù. Ìbò mi àti tiwọn pa ara wọn, bí ẹni pé àwa méjèèjì ò kúrò nílé. Ṣùgbọ́n a jọ lọ ni, a jọ bọ̀, wọ́n sì po tíì fún mi.

Ọkùnrin alájá wọlé. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Jíìnì, wọ́n sì nawọ́ sí mi, wọ́n ní ọmọ tó gbé àwọn lọ dìbò fún un rèé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní irú mi gan-an ni ìlú nílò. Mo ní kó má gbàgbé kòtò. Ó wò yíká, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ kò lágbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú, ṣùgbọ́n ti kòtò, ó ní ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà. Mo sọ fún un pé ní Agbabu, nítòsí ilé wa, inú ilẹ̀ ni ọ̀dà ti ń sun jáde fúnra rẹ̀, a ò sì tíì fi dí kòtò kan. Ó rò pé àwàdà ni. Wọ́n ti dí kòtò náà.

Bàbá, olórí ìjọba tuntun tí ẹ torí rẹ̀ bá ọ̀rẹ́ yín jà, àwọn ará ibí ti ń béèrè ìgbà tó máa lọ. Amẹ́ríkà tí Bàbá Fọlá ń bẹ̀rù ń yí owó ibodè padà bí ẹni ń wá ìbùdó lórí rédíò. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, mi ò rí ẹni tó jàre, èmi tí mo wà nítòsí. Ohun tó dá mi lójú ni pé oko Bàbá Fọlá ló kàn. Ìyá mi ní Bàbá Fọlá ń pọ́n àdá láràárọ̀, wọ́n sì ń wo ọ̀nà ilé wa. Bí ẹ bá lọ, oko tiwa ló tẹ̀ lé e, kòkó tó kù á sì bọ́ lọ́wọ́ òjò. Ẹ fi rédíò sílẹ̀ nílé. Ẹ mú àdá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má sọ ti ìlú Ọba, ẹ má sọ ti Amẹ́ríkà. Ẹ kàn bi wọ́n pé ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa jẹ́ kí òjò rọ̀ níwọ̀n, kí oòrùn ràn tó kòkó yín, kí ẹ̀yin àti ìyá mi jẹun ọmọ dọ́jọ́ alẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, àti gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ ka ìwé yìí dé ibí, ẹ ṣé. Ẹni tó bá súnmọ́ ilé wa jù nínú yín, kó gbé bàbá mi dé Ajue.

Èmi ni ọmọ yín tó kọjá Ṣágámù,
Ayọ̀délé