Kẹ́ẹ̀gì Tí Mo Fi Yanrìn Fọ̀

Bàbá mi tí mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí,

Orí àga yín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹyẹrúnká ni mo jókòó sí. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbọn eruku orí rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Ẹ ò mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ikú yín. Ẹ ti oko kòkó dé lọ́jọ́ tí ẹ kú, ẹ jẹ ọbẹ̀ Ìyá Kékeré, ìyàwó yín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu yín, tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Èmi tí mo kàwé jù nínú agboolé ni mo kọ́kọ́ fura sí i. Mo gbóòórùn ìkòkò rẹ̀. Mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò. Mi ò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló tún mú mi fura sí i, mo sì sọ ọ́ káàkiri agboolé. Kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́, títí tó fi di ẹrù rẹ̀ lọ sí Yemẹtu.

Lóṣù tó kọjá, Múfú tó ń bá wa mójú tó oko yín dákú lẹ́yìn tó fọ́n oògùn apakòkòrò sí kòkó. Bí itọ́ ṣe dà lẹ́nu yín ló ń dà lẹ́nu tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tó fi ń gbé omi mímu lọ oko. Mo padà lọ wò ó lóko: kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkó ni, tó ti fọ̀. Múfú là á já. Èmi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, torí mo rántí tiyín.

Èmi ni mo ra oògùn yẹn fún yín ní Ọjà'ba. Nígbà tó tán, ẹ fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ torí kì í jò bíi akèrègbè yín. Mo fi yanrìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ẹnikẹ́ni má fi rọ omi. Mo kà á, Bàbá. Mo rò pé àṣejù òyìnbó ni. Ṣé omi yẹn ló pa yín? Àbí oògùn tó ń ta sí yín lára, tí ẹ ń fọ́n ọn láìwọ ẹ̀wù? Mi ò lè sọ pé ọbẹ̀ ni mọ́.

Lánàá, mo lọ sí Yemẹtu láti bẹ Ìyá Kékeré. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ló fi dá mi mọ̀.

“Akọ̀wé ọkọ mi! Ta ló lé ọ débí?”

Ó bu omi fún mi. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé ife náà sún mọ́ imú. Kò rí mi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ kí n gbé omi mì.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mu ún jàre, omi ẹ̀rọ ni. Ìwọ o, títí dòní, o ṣì ń gbóòórùn nǹkan mi!”

Mo gbé ife kalẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ó rò pé mo ń dágbére ni, mo sì lọ bẹ́ẹ̀.

Màá padà lọ lọ́la. Màá mu omi rẹ̀ tán láìwo inú ife, kí n tó sọ ẹni tó fọ kẹ́ẹ̀gì. Ṣé á dárí jì mí? Ẹ̀yin ńkọ́?

Èmi tí mo fẹ́ràn yín, tí mo kà á tí mi ò sọ,
Ọmọ yín.