Ọjọ́ Tí A Ń Bọ̀ Láti Ọgbà Ìkòyí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ní ọdún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, nínú mọlúè tó ń gbé wa bọ̀ láti Ìkòyí. Èmi ọmọ yín ni mo ń sọ ọ́. Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ọ́, torí ẹ mọ̀ pé ẹ ò fi mí sí ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò sin èmi náà sí ló jẹ́ kí n ní kó mú bíírò wá.

Nígbà tí mo mú yín láti Ìjẹ̀bú wá sí Àgùdà ní Èkó, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo háyà sú yín. Ẹ ní ẹsẹ̀ yín ò kan ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà, ilé ò dùn ún jókòó sí fún èmi náà. La bá ń wọ bọ́ọ̀sì káàkiri lọ́jọ́ Àìkú. Tí a bá lọ sí ọgbà etí ọ̀sà lọ́nà Àkọkà lọ́sẹ̀ yìí, ibòmíì tí igi pọ̀ sí ló kàn, títí a fi ń gba orí afárá kọjá sí Ìkòyí.

Ọgbà ìgbafẹ́ wọ̀nyí, oko olóko lẹ pè wọ́n. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, ẹ ò sì ní jókòó àfi tí ẹ bá kí ẹni tó ni ín.

“Ta ló ni oko yìí?”

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì Ìkòyí ní, “Màmá, ìjọba ni.”

“Ẹ bá mi kí i o. Oko rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Ilẹ̀ tó tó báyìí, kò gbin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo!”

Mo padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ikú yín. Ẹ̀ṣọ́ náà béèrè yín. Mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ tí ẹ kú, ẹ fi orí lé mi léjìká nínú ọkọ̀. A dé Ojúẹlẹ́gba, kọ́ńdọ́kítọ̀ ní, “Bàbá, ẹ jí ìyàwó yín o!” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi ni, kó jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti kú.

Àwọn àgbà ilé wa ní wọn kì í sin ẹni tó kú lójú ọ̀nà sínú ilé. Mo ní, “Ṣé inú igbó ni wọ́n kú sí? Èjìká ọmọ wọn ni wọ́n kú sí!” Wọn ò gbà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wà ní itẹ́ òkú Yábàá láàárín àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Wọ́n tún ń bi mí pé kí ni mo ń gbé arúgbó kiri fún. Ẹ̀yin lẹ ní ká lọ. Mi ò kábàámọ̀.

Ìyàwó mi wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìjẹ̀bú. Mo ṣèlérí fún un kó tó kú pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni n ó sùn. Tí mo bá lọ síbẹ̀, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ yín? Tí mo bá wá bá yín, irọ́ ni mo pa fún ẹni tó ti kú. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín níbẹ̀?

Èèyàn kan ò lè sùn ní sàréè méjì. Bọ́sẹ̀, má sunkún sórí ìwé náà, kọ ohun tí mo wí. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ni yóò sin mí. Ibi tí ọkàn rẹ bá mú ni kí o tẹ́ mi sí. Màmá, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ má bá a bínú.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ò jẹ́ kó sùn.