Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Ní Kí Bọ̀dá Ládélé Jókòó

                                                  Marlborough,
                                                  Calgary, Kánádà.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dúrótìmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ìkókó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ara tiwa le, àfi òtútù tó ti ń yọjú. Má bínú pé o ò gbúròó mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló gbà mí lọ́kàn.

Ṣé o rántí Anselmo, ará Uruguay tá a jọ ń to páálí ní warehouse ní Foothills nígbà tí mo kọ́kọ́ dé? Gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù ni nílùú wọn kí orúnkún tó dá a dúró. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń ṣe jẹun báyìí, ife-ẹ̀yẹ sì ti kún ilé rẹ̀. Òun ló mú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá, tí ẹni gbogbo ń nà bó ṣe wù ú, dé àṣekágbá.

Wàhálà wa ni Bọ̀dá Ládélé, balógun wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, basement abẹ́ ilé wọn náà ni mo kọ́kọ́ gbé. Bí wọ́n bá ti nawọ́ báyìí, ta ló jẹ́ má gbá bọ́ọ̀lù sí wọn? Àwọn alátakò á sì gbà á. Ni Anselmo bá ní kí Bọ̀dá jókòó, wọn ò ní gbá àṣekágbá. Inú bí wa gan-an. Adémidé, akọ̀wé wa, ní ká lé e, pé kò mọ àgbà.

Mo mú Anselmo lọ sílé Bọ̀dá ní Rundle kó lọ tọrọ àforíjì. Mo ti kọ́ ọ bá a ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúnkún ò jẹ́ kó lè dìde mọ́. Bọ̀dá fúnra wọn ló bá mi gbé e. Ó wá sọ pé nílé àwọn, gbogbo èèyàn rí i pé òun ń tiro, kò sẹ́ni tó tó sọ fún òun pé kí òun jókòó, torí ìràwọ̀ ni òun. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun títí orúnkún fi fọ́. Bọ̀dá kàn ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa.

Lánàá nípàdé, nígbà tí Adémidé ní ká dìbò lórí bóyá ká lé Anselmo, Bọ̀dá dìde, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè. Dúrótìmí, orúnkún yẹn wú! Wọ́n ní ó ti tó ọdún kan, pé gbogbo wa là ń rí àwọn tí àwọn ń tiro, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́" la sì ń kí àwọn.

Wọ́n ní, "Òyìnbó yìí nìkan ló ní kí n jókòó."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó dìbò.

Bá mi kí Màmá àti Tamílọ́rẹ, ìkókó yín.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bó ti wù kí snow jìn tó,

Kànmí.