Owó Wà fún Òdòdó

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Sycamore,
                                        Wexley, Ohio.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2026.

Ẹ̀gbọ́n mi Marnie, ẹni bí ìyá fún mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé oòrùn Tucson kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó yín lórí? Orúnkún Rick ńkọ́, ṣé ó ti lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ láìmú ọ̀pá? Mo rí fọ́tò Toby nínú aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó ti ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé mo gbà bẹ́ẹ̀ o. Màmá wà dáadáa, ó ṣì ń bá àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n jà bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Curt ní kí n kí yín. Yìnyín ti ń yọ́ níbí, gbogbo ilẹ̀ ló di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè yín. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín báyìí, ẹkún ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹkún kò sì lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé irinṣẹ́ ni mo wà, àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, àpò ajílẹ̀ ni mo fi ṣe tábìlì. Bí ìwé yìí bá ń rùn, ẹ foríjì mí.

Ọ̀rọ̀ Junie ọmọ mi ni. Wọ́n ti dá oògùn rẹ̀ dúró. Àná ni wọ́n fún un ní èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ rántí bó ṣe wà kí á tó mọ Dókítà Lindqvist. Ọmọ kékeré tí kò lè dìde nílẹ̀ láìfi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ bí arúgbó. Dókítà náà ló ṣe oògùn yìí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Carrow, ibi tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pò ó, fún ìwọ̀nba àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, nítorí àrùn tó ń jẹ iṣan wọn yìí ṣọ̀wọ́n débi pé kò sí iléeṣẹ́ oògùn tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní oníbàárà kò tó. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó lọ, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, oògùn náà yóò máa kán wọlé títí tí òun àti Curt bàbá rẹ̀ yóò fi wo àwòrán ẹ̀fẹ̀ tán. Kò wò ó sàn, a kò tan ara wa. Ṣùgbọ́n ó dá àrùn náà dúró síbi tó dé. Ó ń fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé wa. Lóṣù tó kọjá, ó fò sókè nínú yàrá ìdáná, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Curt lọ ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ kí ọmọ má baà rí omijé rẹ̀.

Owó ìjọba láti Washington ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Owó ọ̀hún dáwọ́ dúró ní ìgbà ìwọ́wé. Yunifásítì ní àwọn yóò fi owó tiwọn gbé e ró fún ìgbà díẹ̀, a sì dúpẹ́. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, wọ́n pe gbogbo àwa òbí sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ẹnubodè ńlá yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí òkúta orí rẹ̀: KÍ Á MỌ̀, KÍ Á LÈ WÒ SÀN. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan irin ẹnubodè náà, pé wọ́n á ní kí Dádì wá sanwó rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pell, ẹni tó ń bójú tó owó wọn, ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní iná ti jó dé orí kókó: owó ìjọba ti dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó wọlé ń dín kù, ilé ìwòsàn wọn ń pàdánù, àwọn ti ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjì pa. Iṣẹ́ Dókítà Lindqvist ló kàn. Bàbá kan dìde. Szabo ni orúkọ rẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọmọ tirẹ̀ ni a máa ń jókòó tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó ní, "Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ẹ ní bílíọ̀nù dọ́là mẹ́rin nípamọ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

Ọ̀gbẹ́ni Pell ní kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkòkò kan ṣoṣo. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkòkò kéékèèké ni, orúkọ ẹni tó fi í sílẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti kú. A kì í fọwọ́ kan ojú owó, èlé orí rẹ̀ nìkan là ń ná, ohun tí olówó bá sì ní kí á ná an lé lórí la gbọ́dọ̀ ná an lé. Ìkòkò kan wà fún ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń díje lórí omi. Ìkòkò kan wà fún agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kódà, ìkòkò kan wà fún òdòdó túlíìpù etí adágún inú ọgbà wọn. Ó fẹ́ mú wa rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí inú ìkòkò yẹn ni mo ti ń jẹun.

Bóyá mi ò sọ èyí fún yín rí. Ìyáàfin kan, Lathrop, tó ti kú kí wọ́n tó bí Màmá, ló fi owó sílẹ̀ pé kí wọ́n máa gbin túlíìpù yí adágún náà ká lọ́dọọdún títí láé, kí ẹnikẹ́ni má sì já ọ̀kan. Owó náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi. Nígbà tí wọ́n lé púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ọgbà lọ ní oṣù Kìíní, èmi dúró. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ruben, ọ̀gá wa, ó kàn mirí. Ó ní, "Kì í ṣe èmi ni mo dá ẹ sí o. Òkú ló gbà ẹ́ síṣẹ́, òkú ló ń bọ́ ẹ. Ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí àgbọ̀nrín jẹ òdòdó ọ̀gá ẹ." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyàwó Òkú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí abẹ́ iṣẹ́ mi yìí ni adójútòfò ìlera Junie wà.

Ní gbọ̀ngàn yẹn, Szabo kò jókòó. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Pell pé ṣé kì í ṣe ìwòsàn ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni. Pell ní àwọn kò tíì kọ ìwòsàn sílẹ̀, pé Yunifásítì ní láti máa ro ti ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń bọ̀.

Szabo ní, "Ọmọ mi ò ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló ní."

Pell yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi, ì bá tù mí lára ká ní ènìyàn burúkú ni. Mo wá ẹni tí n ó kórìíra nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò rí. Wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ fọjú. Àwa ń gbé etí odò, itọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wa.

Arúgbó kan wà tó máa ń wá síbí ní gbogbo oṣù Kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Eben Lathrop, ọmọ-ọmọ ìyá olódòdó náà. Kì í wá wo òdòdó, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí nínú ilẹ̀ ló máa ń wá. Ó ní imú wọn wu òun ju ojú wọn lọ. Ó kí mi, ó béèrè ọmọ mi bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì mọ ìgbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa sọ fún wọn, kí wọ́n fi èlé òdòdó ọdún kan ṣoṣo po oògùn, kí ilẹ̀ ṣófo lọ́dún náà.

Ó ní, "Ìyá àgbà fi owó sílẹ̀ fún òdòdó, ó fi aago ògiri sílẹ̀ fún àwa. Aago ọ̀hún ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Àmọ́ n ó bi wọ́n, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gbé ilé bí ẹni tó ń retí àlejò. Curt ní kí n má sọ̀rọ̀ ìrètí sókè létí ọmọ, òun náà sì ń súfèé nígbà tó ń gbé ọbẹ̀ tòmátò kaná.

Ọ̀gbẹ́ni Lathrop padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó yọ fìlà kó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ̀. Ó ní agbẹjọ́rò wọn sọ pé adájọ́ nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ òkú padà, kò sì ní yí i, àfi tí ohun tí òkú béèrè kò bá ṣeé ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Tí àgbọ̀nrín bá jẹ gbogbo ẹ̀ tán ńkọ́, Bàbá?"

Ó wò mí. "Mo bi wọ́n ìyẹn náà. Wọ́n ní owó yẹn á lọ sórí ohun tó bá sún mọ́ túlíìpù jù."

"Kí ló sún mọ́ ọn?"

"Òdòdó lílì."

Ẹ̀rín ló pa mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rẹ́rìn-ín débi tí bàbá náà fi di èjìká mi mú, ó sì dì í mú títí ẹ̀rín náà fi di ohun tó jẹ́ gan-an.

Lánàá, Dókítà Lindqvist fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ náà sí i. Òun náà ti ń kó ẹrù, wọ́n ti gba yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ òótọ́ fún wa bí àṣà rẹ̀: agbára tó wà lára Junie yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, àtẹ̀gùn ni yóò kọ́kọ́ ṣòro fún un, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi máa parí, kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ni yóò máa jókòó sí. Àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ mèremère kan, wọ́n ní akọni ni. Nínú ọkọ̀, ó bi mí bóyá òun ti jáde Yunifásítì nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí á gbé e kọ́ ara fìríìjì. Ó wà níbẹ̀ báyìí.

Ní òwúrọ̀ yìí mo gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ èjìká, mo dúró létí adágún. Omi tí a fi ń lé àgbọ̀nrín, ẹyin tó bàjẹ́ ni, ó ń rùn bí ikú. Imú túlíìpù ti yọ káàkiri, àgbọ̀nrín méjì sì dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń wò mí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí òdòdó bá lọ, iṣẹ́ mi lọ, adójútòfò lọ, abẹ́ rẹ̀ sì ni a ó ti gba kẹ̀kẹ́. Mo fín in. Mi ò fo ìdí kan.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́, ẹ sì jọ̀wọ́, kí Rick má ta ọkọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn náà, ì báà jẹ́ dọ́là mélòó. Ẹ bá mi kí Toby, kí ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ojú tì í.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ ti ní oṣù Kẹjọ lẹ ń bọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di oṣù Kẹjọ. Ẹ wá ní ìparí oṣù Kẹrin, kí ẹ lè rí Junie kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí adágún náà ká. Ó ti ń sọ ọ́ pé òun yóò fi ọ̀nà han Àǹtí Marnie. Mi ò lè ṣèlérí bí yóò ti rìn jìnnà tó. Ṣùgbọ́n túlíìpù yóò ti là yí ibẹ̀ ká, pupa àti ìyeyè, bí wọ́n ṣe ń là lọ́dọọdún. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú. Owó tiwọn wà.

                                        Èmi àbúrò yín tó ń retí ẹsẹ̀ yín,
                                        Tessa.