Àyè Mẹ́ta Nínú Àpótí Onífọ́tò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú àmójútó gbogbo ará ilé. Èmi Rájí, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Abíjàn. Mo kí àbúrò mi Làmídì, onífọ́tò Ayétòrò, tí yóò ka èyí fún yín. Làmídì, má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti yin ara mi. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kí gbogbo ìlú lè gbọ́.

Ara mi le. Òjò ibí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá, fọ́tò kì í tètè gbẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Èmi tí tíṣà lé kúrò ní kíláàsì kẹta pé orí mi kò gbàwé, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi báyìí. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n á gbé e. Ohun kan ṣoṣo tí owó mi kò lè rà níbí ni ẹni tí yóò pè mí ní Àjàní láàárọ̀.

Ẹ ránṣẹ́ pé àwọn obìnrin àdúgbò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìbejì tí ẹ ń jó lé lórí, ta ló rí wọn rí? Ẹ ní kí n fi àwọn ọmọ mi, Táyé àti Kẹ́hìndé, sínú àpótí ẹgbẹ́ àwa onífọ́tò, kí gbogbo ayé wò wọ́n. Fún ẹni tí kò bá mọ àpótí náà, páànù ni. Ó ń ti ọwọ́ onífọ́tò kan bọ́ sí ti òmíràn, láti Abíjàn dé Lomé, dé Kútọnu, dé ọ̀dọ̀ Làmídì, kó tó padà. Kálukú á wo iṣẹ́ ẹnìkejì, á sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí. Fọ́tò mẹ́ta péré ni ẹnì kan lè fi sí i, kò sì gbọdọ̀ fi ojú kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni wọ́n torí mi ṣòfin yẹn o! Iṣẹ́ mi pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà kan débi tí ìdérí kò fi lè dé mọ́.

Ẹ mọ̀ pé Táyé ti lọ. A kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìbejì. Kò pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì ní fọ́tò kankan. Ilé onífọ́tò ni, ọ̀la, ọ̀la la ń sọ. Mo wá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Mo gbé Kẹ́hìndé jókòó sápá òsì, mo yà á fún Táyé. Mo gbé e sápá ọ̀tún, mo yà á fún ara rẹ̀, mo tẹ méjèèjì sórí ìwé kan. Sàbítíyù, ìyá wọn, wò ó, ó sunkún, ó ní ọkàn òun balẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Abíjàn níbí, àfi bí akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ Kútọnu kan tó ń sọ Faransé bí ẹni mu omi, ṣe ní òfin ti dé, ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní Rájí tún ti fẹ́ jí àyè kẹrin. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́, pé ìgbà tí mo ti ń fọ fọ́tò, ìyá wọn ṣì ń fọ ìdí fún wọn. Ibi tí mo ti ń pariwo ni Sàbítíyù ti fa Kẹ́hìndé wọlé. Alága ẹgbẹ́ bi ọmọ náà pé èwo nínú méjèèjì ni òun. Ó fọwọ́ kan èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Táyé ni ìkejì, pé Táyé kì í rẹ́rìn-ín fún àlejò, ìdí nìyẹn tí òun fi panu mọ́ nígbà tí òun jókòó fún un. Màmá, èmi tí mo ya fọ́tò náà kò rí i! Akọ̀wé gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lé e, ó wò ó títí. Ó ní ojú méjì ni lóòótọ́.

Alága wá ní bó bá jẹ́ ènìyàn méjì, àyè méjì ni wọn óò gbà. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi ṣọ́ọ̀bù mi, ọkọ̀ mi tuntun àti ara mi nínú agbádá kún àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo yọ ọkọ̀. Mo yọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, mo yọ agbádá náà pẹ̀lú, bó ti wù kó yẹ mí tó, ó sì yẹ mí o! Àyè kan ṣófo báyìí. Tiyín ni. Bí ẹ bá ti fi ìbejì yín han àdúgbò tán, ẹ jókòó kí Làmídì yà yín, kí àpótí gbé yín bọ̀ wá bá wa. Kẹ́hìndé ń bèèrè bí ojú yín ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwa kì í ṣe àlejò.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú yín ṣú títí a ó fi fojú rínjú. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Mo kí àwọn obìnrin àdúgbò náà pẹ̀lú. Kí wọ́n wá wòran dáadáa.

Ọmọ yín,
Àjàní Rájí.