Ojú Tí O Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ògiri

Olówó orí mi, ọdún mẹ́ta rèé tí ikú já ọ gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta! Ọkàn mi kò tíì gbà á.

Àbíkẹ́yìn wa ti ga jù mí lọ, bàtà rẹ ló ń wọ̀. Àkọ́bí wa obìnrin sì ti wà níbi iṣẹ́ rẹ báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ.

O rántí ohun tó gba oorun lójú rẹ. Ní yàrá ìwádìí yín, bí iná lésà, ìmọ́lẹ̀ alágbára yẹn, bá ti fún hóró kékeré tí ẹ fi ń wá agbára iná pọ̀ tó gbiná, ìmọ́lẹ̀ líle ló ń kọ́kọ́ jáde, á sì fọ́ ẹ̀rọ lójú kí nútírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín tí ẹ ń wá, tó dé. O wá ṣe ẹ̀rọ tó ń dijú fún ìmọ́lẹ̀, tó ń lajú fún nútírọ́ọ̀nù. O gbé e sẹ́yìn ògiri kọnkéré. O kú kí wọ́n tó dán an wò.

Ọdún yìí ni wọ́n dán an wò. Àwọn ẹ̀rọ yòókù sọ̀rọ̀, tìrẹ dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dákẹ́!

Ọ̀rẹ́ rẹ, Ẹlẹ́nu Mímú, ní, "Ojú òkú kì í ríran. Ẹ yọ ọ́ dànù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ ọ̀gá wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún dán an wò." Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, bí kò bá ríran, yíyọ ni.

Ọmọ rẹ fọwọ́ tọ wáyà ẹ̀rọ náà láti orí dé ìdí. Àṣé nígbà tí wọ́n ń tún yàrá tò, wọ́n ti fi wáyà gígùn rọ́pò èyí tí ń gbé àṣẹ ìlajú wá! Àṣẹ ń pẹ́ lọ́nà. Kí ẹ̀rọ rẹ tó lajú, nútírọ́ọ̀nù ti kọjá. Ó dá wáyà kúkúrú padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò ìkẹyìn, nílé, mo gbé fóònù lé itan. Àdúrà kò jáde. "Olúwa" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Fóònù dún. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Mọ́mì, ó rí wọn! Kedere báyìí! Ẹlẹ́nu Mímú ló ń jó káàkiri yẹn. Wọn ò ní yọ ọ́ mọ́!"

Mo yíjú sí àga rẹ láti sọ fún ọ, kí n tó rántí. Ọdún mẹ́ta, mo ṣì ń yíjú síbẹ̀! A ṣì ń wá ọ, ọkọ mi. A ṣì fẹ́ràn rẹ, èmi àti àwọn ọmọ rẹ.